Okùn Kan, Ilé Púpọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ní ìjẹta, ọmọ ọmọ mi obìnrin kan jókòó sí pálọ̀ mi pẹ̀lú káàdì fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń yọ ọ̀kan, ó ń ki òmíràn bọ inú fóònù, ó ń pòṣé. Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mi ń wọ́ bí ìgbín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí títí irun fi funfun lórí yín, èwo ni kí n dúró tì nínú àwọn wọ̀nyí?" Mo ní kó kọ́kọ́ dìde kúrò ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fíríìjì tó lọ há ara rẹ̀ mọ́, kó wá síbi fèrèsé. Ó dìde. Íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já geere, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ òṣé yẹn di ẹ̀rín, odidi ayé mi ni mo fi kọ́ ọ, n ó sì ròyìn bí mo ṣe kọ́ ọ fún yín.

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé àwọn aláró. Ìyá mi ń rẹ aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Jímọ̀. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi ni mo ti mọ àwọ̀. Ìyá mi lè tẹ́ aṣọ méjì síwájú mi tí ojú ẹlòmíràn á rí bí ọ̀kan náà, kó ní kí n sọ èyí tó wọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan ju èkejì lọ. Bí mo bá ṣì í, á fa etí mi. Mo rò pé ìyà lásán ni ó fi ń jẹ mí nígbà náà.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ tẹlifóònù kò gùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ ẹnì kan, ẹni náà ní kí n wá, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í pẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀gá Ògínní là ń pè é, ọmọ Iléṣà pọ́nńbélé. Ọkùnrin kúkurú ni, ọwọ́ rẹ̀ nípọn, kì í sì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ àfi tó bá wà lókè òpó. Lókè òpó, orin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló máa ń kọ, tí àwọn èrò ọ̀nà á máa gbójú sókè wò ó. Fún ìgbà pípẹ́, àkàbà nìkan ni mo ń rù tẹ̀lé e. Ó ní ọwọ́ tí kò tíì mọ bí òpó ṣe ń mì kò gbọdọ̀ kan okùn. "Ọmọ aláró" ló máa ń pè mí. Lọ́jọ́ kan, ẹnu mi yọ̀, mo ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ni wọ́n ti ń múná roko." Ó wò mí. Ó kàn ní kí n máa gun gbogbo òpó tó wà ní òpópónà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wò bóyá mo máa rí ìṣáná lórí wọn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí èyí tó kẹ́yìn, itan mi ń gbọ̀n, òun sì ti ra ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dè mí.

Òfin méjì ló ní. Ẹ mọ àwọn Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri. Bí oníbàárà bá ń fi òní dọ́la, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn á ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó yóò fi jáde. Ohun tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló nìyẹn. Bàbá Ọ̀gá Ògínní ṣe iṣẹ́ náà jẹun. Ọmọ rẹ̀ kò tajà rí, ṣùgbọ́n ó gbé òṣó náà wọ iṣẹ́ tẹlifóònù. Bí a bá tún okùn ṣe tán, àwọn tó kù á ti máa di irinṣẹ́ wọn. Òun á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oníbàárà, á ní kó pe ẹnì kan. Kì í ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò, ṣé ẹ ń gbọ́ mi" ni ó ń wá o. Títí oníbàárà yóò fi rẹ́rìn-ín tàbí kó bínú sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Ògínní kò ní dìde. Ó ní ìgbà náà ni okùn tó di okùn.

Òfin kejì, ẹnu Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ ló fi máa ń sọ ọ́: "Ulé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Bí ẹnì kan bá wá fi ẹjọ́ sùn pé fóònù òun kú, kí a tó jáde ní ọ́fíìsì làwa á ti sọ àìsàn náà lórúkọ: olè ti gé okùn, òjò ti wọ inú kòtò, àwọn ará ọ́fíìsì Ìbàdàn ló fà á. Ọ̀gá Ògínní kò jẹ́ gbà. Orí àga oníbàárà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ tọ okùn náà láti ìdí fóònù jáde síta. Àpótékárì kan wà, olóògùn òyìnbó, tó fi oṣù kan bú ọ́fíìsì wa, tó ní a kò mọ iṣẹ́. Ọ̀gá mi fọwọ́ tọ okùn rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ló bá bá òbúkọ ńlá kan níbẹ̀. Okùn tẹlifóònù ni ìyàwó àpótékárì fi so ó mọ́lẹ̀.

Ìjàǹbá tó bá wa kò ju ẹyọ kan tí mo lè pè ní ìjàǹbá. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún náíńtì ni, tí wọ́n ń la gọ́tà ní Òṣogbo. Katapílà ki ọwọ́ bọ ilẹ̀, ó sì fa okùn ńlá jáde bí ẹni fa ìfun adìẹ. Odindi apá kan ìlú dákẹ́. Inú okùn ńlá yẹn, ọgọ́rọ̀ wáyà tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, òjò sì ń rọ̀. A na tapólì sórí kòtò, Ọ̀gá Ògínní wọ inú rẹ̀ lọ, ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n. Nígbà tí a parí apá kìn-ín-ní, tí a ní kí àwọn èèyàn dán an wò, Lèmọ́mù àdúgbò kan gbé fóònù pé kí òun kí àna òun, ilé ọtí ló bọ́ sí. Àwọn ọ̀mùtí sì ń bi í iye ìgò tó fẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí, àfi Ọ̀gá Ògínní. Ó fi wáyà méjì lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé wọn súnmọ́ ojú, ó ń gbé wọn jìnnà. Mo rí i pé ojú rẹ̀ kò yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, aró àti elésè-àlùkò ti di ọ̀kan náà fún un.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó rọra ní, "Ràfíù, ọmọ aláró, bọ́ sínú kòtò, kí o máa ka àwọ̀ fún mi."

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Ojú mi àti ọwọ́ rẹ̀, àwa méjèèjì nínú kòtò kan, omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ń pè, ó ń so. Kò sí ẹni tó wà lókè tó mọ̀, èmi náà kò sì sọ ọ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, ó fún mi ní fóònù ọwọ́ tí a fi ń dán okùn wò, èyí tí a ń fi èékánná rẹ̀ gbá wáyà mú. Ó kàn ní, "Òṣó o." Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ojú kò sì tì mí.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí Iléṣà. Irinṣẹ́ ti ń yí padà. Òpó igi di òpó irin. Bébà àti ìda tí a fi ń di ojú ìso di ike kékeré tí a kàn ń fi ẹ̀mú tẹ̀. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó máa ń pariwo kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ilé télọ̀ di èyí tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, ó ku ọdún mélòó kan kí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ̀ǹpútà mọ́ okùn tẹlifóònù. Wọ́n á ní kó pe àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ̀rọ á ké fíríì, bí ó bá sì gbà, íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọlé nìyẹn. Àwọn ilé tó ní in ní gbogbo Iléṣà kò pọ̀. Ilé Bàbá Tíṣà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá Tíṣà, àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Etí rẹ̀ ti di pátápátá. Síléètì àti ẹfun ló wà lórí itan rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ á kọ ọ́, á gbé e fún un, òun á sì kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe ohun tí onítọ̀hún kọ kó tó dáhùn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Bọ́láńlé, tó wà ní Kánádà. Nígbà tí ìyá Bọ́láńlé kú, ìwé ìrìnnà ọmọ náà kò tíì pé, kò lè wálé wá sin ìyá rẹ̀. Etí bàbá rẹ̀ sì ti di, wọn kò lè fi fóònù tu ara wọn nínú. Ìdí tí Bọ́láńlé fi ra kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé nìyẹn. Orí rẹ̀ nìkan ni bàbá àti ọmọ ti ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, inú ń bí Bàbá Tíṣà, ohùn rẹ̀ sì ń dún gbogbo ilé bí ohùn ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀.

"Ràfíù! Bọ́láńlé ti bímọ! Lẹ́yìn gbogbo ọdún tó fi dúró!"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kọ "Ẹ kú oríire" sí síléètì. Ó fi ẹfun gbé àmì kan sí i kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Obìnrin ni. Ọ̀tunla ni wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ, èmi ni Bọ́láńlé ní kí n fún un lórúkọ. Ó ti fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́. Láti àná ni mo ti ń ṣí i. Bí ó bá dé ibì kan, á já. Ògiri ilé ìwòsàn nìkan ni mo rí! Ṣé kí n sọ ògiri lórúkọ ni?"

Mo kọ ọ́ pé, ẹ kúkú ronú orúkọ kan fún un, Bàbá, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ó mi orí. Ó ní òun kò sọ ọmọ tí òun kò rí ojú rẹ̀ lórúkọ. Ó nawọ́ sí àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó wà lára ògiri, obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, tí àgbọ̀n rẹ̀ là díẹ̀ ní àárín. Ó ní òun rí ojú Bọ́láńlé nínú ọwọ́ obìnrin yẹn kí òun tó pè é ní Bọ́láńlé, òun kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú sọ orúkọ ní ọjọ́ ogbó.

Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún òun ni wọ́n jẹ́ ọ̀lẹ. Ti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ lò, ó ní ó lọ́ra. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ti Èkó, ìyẹn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí, ọmọkùnrin onítáì kan ti wá bá a pé kó ra àwo ńlá kan sórí òrùlé, pé àwo yẹn ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀, kò nílò okùn. Bàbá Tíṣà ti fẹ́ ta Píjò rẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo kọ ọ́ bi í ìgbà tí àwo náà máa dé. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀tunla sì ni ìsọmọlórúkọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo fi fóònù Ọ̀gá Ògínní gbá okùn mímọ́ kan mú, mo pe nọ́ńbà àwọn ti Èkó. Ó ń dún pé èrò ti kún ọ̀dọ̀ wọn. Mo tún un pè, èrò ṣì kún. Àwọn wọ̀nyí ti ta àga ju iye tó wà nínú mọ́tò wọn lọ. Mo pe àwọn ti Ìbàdàn, ẹ̀rọ wọn dáhùn lójú ẹsẹ̀, igbe rẹ̀ mọ́ kedere létí mi. Mo wá gbé fóònù náà padà sílé Bàbá Tíṣà, mo pe Ìbàdàn kan náà láti ibẹ̀. Igbe tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan ti di bí ẹni ń dín àkàrà. Àwọn ará Ìbàdàn tí Bàbá fi sílẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Mo fi ọwọ́ tọ okùn náà gba abẹ́ òrùlé, ló bá yà sí méjì. Mo tọ apá kan, ó tún yà. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gba inú igi ọsàn, ó wọ ilé àbúrò rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wọ yàrá télọ̀ tó jẹ́ àna wọn. Gbogbo agboolé ló so fóònù mọ́ okùn kan ṣoṣo tí Bàbá Tíṣà ní. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn: ohun tí àkọ́bí bá ní, kò gbọdọ̀ dá a jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá bi Bàbá pé ṣé òun lè fà lára rẹ̀, á ní, "Fà á, ọmọ bàbá mi."

Ìyá Ìbídùn, opó àbúrò rẹ̀ mìíràn tó ti kú, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í bóyá ó máa ń gbé fóònù nígbà tí Bàbá bá wà nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ha, mo máa ń gbé e! Bí mo bá ti gbé e, nǹkan á máa ké fíríì bí ajá tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìrù. Mo ní kí n bá Bàbá dá sí i. Mo máa ń pariwo, 'Ta nìyẹn? Kí ni wọ́n fi ọ́ ṣe?' Ńṣe ló máa ń dákẹ́ wẹ́lo."

"Màmá, ẹ̀yin ni ẹ ń pa á."

"Èmi kẹ̀?"

Mo padà lọ kọ ọ́ sí síléètì fún Bàbá Tíṣà pé kí a gé gbogbo àwọn okùn yẹn kúrò, nítorí bí wọn kò tilẹ̀ gbé fóònù, ẹ̀ka wọn ń fa agbára okùn náà. Ó kà á, ó nù ún kúrò.

"Rárá o, Ràfíù. Àwọn èèyàn yìí ni wọ́n máa sin mí. Ṣé kí wọ́n ní torí ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, mo gé àwọn tó wà nílé dànù?"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ bákan náà pé bí òun kò bá rí ojú ọmọ yẹn, kò ní fi orúkọ ránṣẹ́, ọmọbìnrin tí kò rí ìyá rẹ̀ sin á sì máa wo ojú ọ̀nà bàbá rẹ̀ lásán.  Mo bá ká ṣòkòtò mi sókè, mo lóṣòó síwájú àga rẹ̀.

Ó wò mí. Ó tún mi wò. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ tí síléètì fi bọ́ sílẹ̀. "Òṣómàáló! Ọmọ Òṣogbo wá ń ló òṣó fún mi nínú ilé mi!" Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí n pe gbogbo wọn wá.

Wọ́n kún pálọ̀. Bàbá Tíṣà kò lè sọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́.  Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Àpọ́sítélì, wúkọ́ díẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ń wá òun fún àdúrà ńkọ́. Ẹnì kan ní ṣé a kò lè gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ọ́fíìsì wa ni. Wọ́n kọ ìyẹn fún Bàbá, ó ní ọmọ ilé kì í gba orúkọ ní ọ́fíìsì. Láàárín èyí, Ìyá Ìbídùn dìde, ó jáde. Mo ní ó ti bínú lọ. Nígbà tó padà dé, fóònù rẹ̀ wà ní abíyá, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Èmi ni mo wẹ Bọ́láńlé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i," ó ní. "N kò ní fi hẹ́lò dínà mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ lọ gbé tiyín wá."

Wọ́n sì lọ. Alàgbà gbé tirẹ̀ wá, télọ̀ gbé tirẹ̀ wá, fóònù kún orí tábìlì bí iṣu ọjà. Mo gé gbogbo ẹ̀ka náà, mo dì wọ́n. Mo tẹ́tí. Àkàrà ṣì ń dín.

Okùn kan kù tó wọ inú ògiri lọ. Mo tọ̀ ọ́ dé ẹnu yàrá Bàbá, mo dúró, nítorí yàrá àgbà kò ṣeé já wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ní apá tí kò sùn sí, fóònù kan wà lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Òrùlé ń jò sí ìdí rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ wáyà náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí ewé. Ta ni fóònù wà fún nínú yàrá ẹni tí kò gbọ́ràn?

"Tìyá Bọ́láńlé ni," Bàbá Tíṣà sọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Bí ọmọ bá pè, kì í jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì."

Mo mú síléètì, mo tún gbé e sílẹ̀.  Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi, ó gba ẹ̀mú, ó gé e fúnra rẹ̀. Ó ká aṣọ funfun yẹn, ó fi í sínú àpò. Mo sọ fún yín pé nínú gbogbo okùn tí mo ti rí tí wọ́n gé, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ óò rí i pé ẹ̀rọ á máa yí padà lọ́wọ́ yín. Èyí tí mo fi òógùn kọ́, irin àlòkù ni lónìí. Ṣùgbọ́n ìdí àga oníbàárà kò yí padà, àwọn tó yí i ká kò sì yí padà. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn láti wọ ilé àwọn èèyàn, kí ẹ mọ ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn.

Bàbá Tíṣà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, gbogbo wa dúró lẹ́yìn rẹ̀. A pe Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ké, ó gbà. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ àdúrà pé kí wọ́n má mú iná lọ. Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni rọra ń fa aṣọ kúrò lójú ọmọ. Ògiri ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ dé. Ó kọjá ibi tó máa ń já. Fìlà pupa yọ, iwájú orí yọ.

"Iwájú orí mi nìyẹn!" Alàgbà gbàgbé àdúrà.

"Ẹ jọ̀ọ́, iwájú orí yín kò mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀," Ìyá Ìbídùn dá a lóhùn. Ojú yọ, télọ̀ ní ojú ìyàwó òun ni. Imú yọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba imú. Ẹ̀rín gba ilé. Bàbá Tíṣà nìkan ni kò gbọ́ ọ, ó ti gbé ojú lé ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà. Ètè yọ. Lẹ́yìn ètè, ìlà tó kẹ́yìn dé, àgbọ̀n ọmọ náà yọ, ó là díẹ̀ ní àárín.

 Gbogbo wa yíjú sí àwòrán ara ògiri, a tún yíjú padà. Bàbá Tíṣà kò nílò láti yíjú. Omijé ń bọ́ sórí irùngbọ̀n rẹ̀, kò nù ún. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, ó sì fi ránṣẹ́: Yétúndé.

A rò pé yóò di ọjọ́ kejì kí a tó gbúròó. Ìyá Ìbídùn ti ń bi mí bóyá fóònù òun á wúlò fún ìdènà ilẹ̀kùn nígbà tí ìdáhùn wọlé. Ó dé kí Bàbá tó dìde lórí àga. Bọ́láńlé kọ ọ́ pé: "Bàbá mi, ẹ ṣé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ẹ̀yin náà kọ́kọ́ rí i."

Bàbá Tíṣà kà á tán, ó tún un kà. Ó yíjú sí mi. Ó ti gbàgbé pé òun máa ń pariwo.

Ó ní, "Ràfíù, ó mà yá o."